Èèpo Ọsàn Tí Ẹ Ń Dà Nù: Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa

Láti ìgbà tí ọsàn ti kún ọjà ni lẹ́tà lórí èèpo èso ti ń wọlé sí wa. Ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ yín ń fẹ́ mọ̀: báwo la ṣe ń yọ èròjà antioxidant jáde lára èèpo tí à ń kó lọ sí ààtàn? Antioxidant ni èròjà tí kì í jẹ́ kí ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ tètè ba nǹkan jẹ́. Òun ni kì í jẹ́ kí òróró tètè yí padà kó máa rùn. Àwọn ìbéèrè tí a rò pé ìdáhùn wọn á wúlò fún ẹni tó pọ̀ la mú síhìn-ín.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Omi ọsàn ni mo ń fún tà, àpò èèpo méjì ni mò ń dà nù lóòjọ́. Obìnrin tó ń bó ọsàn tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi náà ń da tirẹ̀ nù. Wọ́n ní owó wà níbẹ̀. Ṣé ọ̀kan náà ni èèpo tèmi àti tirẹ̀? (Olómi-ọsàn, Bódìjà, Ìbàdàn)

Ẹ kú ọjà, mà. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, ìyàtọ̀ yẹn ló sì máa sọ ohun tí ẹ lè rí yọ. Ìpele méjì ni èèpo ọsàn ní: ti òkè tó ní àwọ̀, tí àpò òróró kéékèèké kún inú rẹ̀, àti ti abẹ́ rẹ̀ tó funfun, tó sì rọ̀. Ẹ wo ọwọ́ aládùúgbò yín nígbà tó bá ń bó ọsàn. Ọ̀bẹ á máa yí po, èèpo á máa já bọ́ ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ti òkè nìkan ló ń ká kúrò. Ó ń fi funfun sílẹ̀ lára ọsàn kí oníbàárà lè fún un mu láì jẹ́ kó bẹ́.

Èèpo tirẹ̀ yẹn ló ní òórùn jù. Bí ẹ bá ká ọ̀kan níwájú iná àbẹ́là tí ẹ sì fún un, òróró tó ta jáde á gbiná pàrà lójú yín. Ó ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá òróró yẹn tó jẹ́ limonene. Limonene dára fún òórùn dídùn àti fún fífọ ọ̀rá, àmọ́ kì í ṣe antioxidant tí à ń wá. Èyí tí à ń wá ní ìpele òkè yẹn ni nobiletin, tangeretin, àti àwọn carotenoid tó fún èèpo ní àwọ̀ rẹ̀. Ọtí líle àti òróró ló ń yọ wọ́n, omi kì í rí wọn yọ dáadáa.

Èèpo tiyín ní ti yín, funfun àti awọ inú ló pọ̀ níbẹ̀. Inú funfun yẹn ni hesperidin, antioxidant mìíràn, pọ̀ sí, òun àti pectin tó máa ń mú kí jáàmù dì. Ẹ má da èèpo méjèèjì pọ̀, torí ohun tí a fi ń yọ tọ̀hún kọ́ la fi ń yọ tibí.

Àkókò tún ṣe pàtàkì. Nínú kílò mẹ́rin èèpo tútù, nǹkan bíi kílò mẹ́ta ló jẹ́ omi. Èyí tó bá sùn mọ́jú nínú ọ̀rá, òórùn ọtí ni ẹ máa gbọ́ lára rẹ̀ láàárọ̀, lẹ́yìn ìyẹn á bu. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fún ọsàn gan-an ni kí ẹ gé èèpo, kí ẹ sì tẹ́ ẹ. Èèpo gbígbẹ tó mọ́ ló ń rí oníbàárà. Èyí tó ti kan nínú àpò kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi í ṣe mọ́ ju ajílẹ̀ lọ.

Ìpara òrí ni mò ń ṣe. Mo fẹ́ fi ohun tó wà lára èèpo ọsàn rọ́pò èròjà òyìnbó tí wọ́n ń fi sí i kí òrí má baà rùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tò ó fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. (Oníṣẹ́ ìpara, Abẹ́òkúta)

Kí ẹ tó bó ọsàn ni kí ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ po gíráàmù 10 baking soda sínú lítà omi kan, kí ọsàn wà nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ wá fi omi tó mọ́ ṣàn án. Ẹ bó o, ẹ gé èèpo sí ọ̀já tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ, ẹ tẹ́ ẹ sórí àwọ̀n kí ó má nípọn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Abẹ́ ibòji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, tàbí ẹ̀rọ tí ooru rẹ̀ wà láàárín 45 sí 50°C, ló dára. Oòrùn gangan ń ba carotenoid àti fítámì Sí jẹ́, eruku àti eṣinṣin sì wà níta. Bí ooru bá kọjá 60°C, èèpo á di búráùn, ohun tí ẹ sì ń wá á ti máa lọ. Ó gbẹ tán nígbà tí ẹ bá ká ọ̀já kan tí ó dá pẹ́ẹ́. Bí ó bá ṣì ń tẹ̀, ẹ dá a padà. Nínú kílò kan èèpo tútù, gíráàmù 200 sí 250 ni ẹ máa rí.

Bí ẹ bá ń lọ̀ ọ́, ẹ máa dá ẹ̀rọ dúró díẹ̀ díẹ̀ kí ó má baà gbóná. Ẹ jẹ́ kó rí bíi gààrí. Ọ̀pọ̀ ló rò pé bí ó bá ṣe kúnná sí ló ṣe máa dára sí, wọ́n á sì lọ̀ ọ́ kúnná. Nígbà tí ọtí bá kàn án, gbogbo rẹ̀ á ki pọ̀, kò sì ní gba inú asọ sísẹ́ kọjá.

Ohun tí a fi ń yọ ọ́ lápapọ̀ ni ethanol (ọtí líle) tó jẹ́ ìdá 70 nínú 100. Omi lásán á kó ṣúgà àti pectin wá, á yọ̀ bí ewédú. Ọtí líle lásán náà, tí kò ní omi nínú, kì í lè kó àwọn èròjà tó so mọ́ ṣúgà, bíi hesperidin, jáde dáadáa. Láti inú ethanol 95, ẹ wọn mìlílítà 737, kí ẹ fi omi sísè tó ti tutù mú un dé lítà kan. Lítà méjì irú rẹ̀ ni kí ẹ dà sórí gíráàmù 200 èèpo lílọ̀, nínú ìgò tàbí ike tó nípọn tó sì ṣe é dé. Ẹ gbé e sí ibi tó ṣókùnkùn fún wákàtí 24, kí ẹ máa mì í lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, ẹ tún da lítà kan sórí gèdègédé rẹ̀ fún wákàtí méjì, ẹ sẹ́ ìyẹn náà, kí ẹ da méjèèjì pọ̀.

Ibi tí ewu wà la dé yìí. Ẹ má gbé ọtí náà ka iná rárá, ìbáà jẹ́ gáàsì, sítóòfù tàbí èédú. Atẹ́gùn tó ń jáde lára rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Á rá pálá lórí ilẹ̀ lọ bá iná tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì yàrá, á sì gbé iná náà padà wá bá ìgò tí ẹ gbé lọ́wọ́. Àwọn tó ní yàrá ìwádìí máa ń lo rotary evaporator, tó ń fa ọtí kúrò ní 45°C, tí wọ́n á sì rí púpọ̀ nínú ọtí náà gbà padà. Ẹ lè béèrè fún ìrànlọ́wọ́ ní FIIRO, Òṣòdì, ilé ìwádìí ìjọba lórí iṣẹ́ ẹ̀rọ tó wà láti ọdún 1956. Ẹni tí kò bá ní èyí, kó dà á sínú àwo gíláàsì pẹrẹsẹ, kó gbé e sí ìta lábẹ́ ibòji níbi tí iná kankan kò sí, kí afẹ́fẹ́ máa gbé ọtí lọ. Ó máa ń pẹ́, díẹ̀ nínú èròjà náà á sì bá afẹ́fẹ́ lọ. Ohun tó ṣẹ́kù á pupa, á lẹ̀ mọ́ ọwọ́, á tó gíráàmù 30 sí 60. Ṣúgà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ìwọ̀n rẹ̀ nìkan yangàn.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ohun tí ìdá 70 yọ kì í yòrò nínú òrí. Ẹ máa rò pé ó ti pò, nígbà tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì ẹ óò rí wóró búráùn nísàlẹ̀ ike. Ìpara tó ní omi nínú ni irú èyí wà fún. Fún òrí tí kò ní omi, èèpo òkè nìkan ni kí ẹ lò, irú ti àwọn tó ń bó ọsàn tà, kí ẹ sì fi ethanol 95 yọ ọ́ láì fi omi là á. Èyí tó bá ṣẹ́kù á ní òróró, á sì yòrò nínú òrí tí ẹ ti yọ́.

Kí ẹ tó tà á, ẹ dán an wò. Ike òrí mẹ́ta: ọ̀kan láì fi nǹkan sí i, ìkejì pẹ̀lú gíráàmù 2 nínú kílò kan, ìkẹta pẹ̀lú gíráàmù 5. Ẹ kó wọn sínú ófùnù tí ó dúró sí 60°C, kí ẹ máa gbóòórùn wọn lójoojúmọ́. Èyí tó bá kọ́kọ́ rùn, ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ike kejì àti ìkẹta kò bá pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ohun tí ẹ yọ kò ṣiṣẹ́, ẹ má tà á. Ẹ má sì gbàgbé pé antioxidant kì í pa kòkòrò àìfojúrí. Ìpara tó ní omi ṣì nílò èròjà tí kì í jẹ́ kó bu.

Limonene tó bá ti pẹ́ nínú afẹ́fẹ́ máa ń mú kí ara àwọn kan wú tàbí kó yún wọn, nítorí náà ẹ má lo èèpo tó ti pẹ́ nílẹ̀. Èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ kò yẹ fún ìpara tí wọ́n á fi jáde sínú oòrùn. Ó ní ohun tó ń jẹ́ kí oòrùn jó ara bí ẹni pé omi gbígbóná ló dà síbẹ̀.

Kí ló dé tí tèmi fi dúdú? Mo sè é, mo sẹ́ ẹ, ó pupa dáadáa. Nígbà tó di ọjọ́ kejì ó ti dúdú bí aró. (Oníbéèrè láti Ìjẹ̀bú-Òde)

Ìkòkò irin ni ẹ lò, tàbí ọ̀bẹ àti asẹ́ tó ti dógùn-ún. Àwọn èròjà yìí máa ń dì mọ́ irin, àwọ̀ dúdú ni wọ́n sì máa ń mú jáde. Kọ́pà burú ju bẹ́ẹ̀ lọ fún fítámì Sí. Gíláàsì, tánganran tí kò ṣá, tàbí irin tí kì í dógùn-ún ni kí ẹ lò. Bí ó bá jẹ́ pé búráùn ló di, tí kò dúdú, afẹ́fẹ́ ló ṣe é: ẹ kún ìgò dé ẹnu, ẹ lo ìgò aláwọ̀ búráùn, ẹ gbé e sí fíríìjì. Èyí tó ti dúdú kò ṣe é tún ṣe.

Ethanol tó mọ́ wọ́n. Ṣé n kò lè lo ògógóró tàbí methylated spirit? (Ìwó)

Methylated spirit, rárá, bí ohun tí ẹ ń ṣe á bá wọ ẹnu. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ kí èèyàn má baà mu ún ni, methanol sì wà lára ohun tí wọ́n máa ń fi bà á jẹ́. Bí ọtí bá gbẹ lọ, àwọn èròjà mìíràn tí wọ́n fi sí i á ṣẹ́kù sínú ohun tí ẹ yọ. Ògógóró tó dára lè yọ díẹ̀, àmọ́ agbára rẹ̀ kì í dọ́gba láti agbè dé agbè, ẹ kò sì lè fi imú tàbí ahọ́n mọ methanol. Ní oṣù Kẹrin 2015, àwọn èèyàn kú ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ojú sì fọ́ kí ẹlòmíràn tó kú. Àwọn kan kọ́kọ́ ní òrìṣà ló ń bínú, àyẹ̀wò fi hàn pé methanol inú ọtí ìbílẹ̀ ni. Ẹ ra ethanol tó jẹ́ ti oúnjẹ, kí ẹ sì gba ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Bí owó kò bá tó, ẹ fi omi gbígbóná yọ ọ́ kí ẹ lò ó lọ́jọ́ náà.

Oko ọsàn ni mo ní ní agbègbè Ìbàràpá. Àwọn ọmọ ọsàn kéékèèké tó ń já bọ́ kó tó gbó, ṣé ìwúlò kankan wà fún wọn? (Àgbẹ̀)

Ẹ kú oko o, bàbá. Àwọn gan-an ni kí ẹ ṣà. Hesperidin máa ń pọ̀ jù nínú ọsàn nígbà tó ṣì kéré; bí ó ṣe ń tóbi ni ó ń dínkù sí ìwọ̀n ara rẹ̀. Ọdún 1828 ni Lebreton, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ́kọ́ yọ ọ́ lára èèpo ọsàn. Ọ̀nà tí a fẹ́ sọ yìí kò nílò ọtí rárá.

Ẹ gé wọn wẹ́wẹ́, ẹ sá wọn gbẹ, ẹ lọ̀ wọ́n bí a ti wí. Ẹ po gíráàmù 100 sínú lítà omi kan, kí ẹ máa fi calcium hydroxide sí i díẹ̀ díẹ̀ títí ìwé pH, èyí tó ń díwọ̀n bí nǹkan ṣe kan tó, á fi fi 11 sí 11.5 hàn. Omi á di ìyeyè. Hesperidin tí kì í yòrò nínú omi á yòrò níbẹ̀, calcium á sì so pectin mọ́ gèdègédé, èyí tó mú kí sísẹ́ rẹ̀ rọrùn. Ẹ rò ó fún ìṣẹ́jú 30, ó pẹ́ tán wákàtí kan, ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ wá máa kán hydrochloric acid tí ẹ ti fi omi là sí i títí pH á fi wálẹ̀ sí 4 tàbí 4.5, kí ẹ gbé e sí fíríìjì títí di ọjọ́ kejì. Ìyẹ̀fun tó funfun tàbí tó pọ́n díẹ̀ á sọ̀ sísàlẹ̀. Ẹ fi omi tútù ṣàn án, ẹ sá a gbẹ.

Bí kò bá sí ohun tó sọ̀ kalẹ̀, ẹ wo pH ná, torí ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò tíì wálẹ̀ tó. Bí ó bá sì dúdú, ó ti pẹ́ jù nínú calcium hydroxide kí ẹ tó kán ásíìdì sí i, ọ́síjìn ti bà á jẹ́. Ẹ má lo ìkòkò alumíníọ́mù fún èyí, á jẹ ẹ́. Ìbọ̀wọ́ àti awò ojú kò ṣe é gbójú fò.

Èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi lo èèpo inú àpò kan náà, a ṣe Folin-Ciocalteu, àyẹ̀wò tó ń sọ iye phenol, ìyẹn ọ̀wọ́ èròjà antioxidant kan, tó wà nínú nǹkan. Ó rí 15, mo rí 60. Ta ló ṣe àṣìṣe? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀)

Ó ṣeé ṣe kó máà sí ẹni tó ṣe é. Ẹ wo ohun tí ẹ fi pín in. Bí gíráàmù kan ohun tí o yọ bá ní mílígíráàmù 60, tí gíráàmù kan èèpo gbígbẹ sì mú 0.25 gíráàmù ohun yíyọ wá, 60 lọ́nà 0.25 jẹ́ 15. Ìwọ pín in sí ohun yíyọ, òun pín in sí èèpo. Kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kedere èyí tí ẹ lò.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìgbésẹ̀ yín. Mìlílítà 0.5 ohun yíyọ tí a ti là, 2.5 Folin tí a fi omi là lọ́nà mẹ́wàá, kí ó dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, kí 2 sodium carbonate ìdá 7.5 tó wọlé. Bí carbonate bá ṣáájú, Folin á ti bàjẹ́ kó tó rí phenol bá pàdé, iye tí ẹ rí á sì kéré. Wákàtí méjì nínú òkùnkùn, kí ẹ kà á ní 765 nm. Fítámì Sí náà ń sọ Folin di búlúù, ọsàn sì ní i lọ́pọ̀. Ẹ fi PVPP, ìyẹ̀fun tó ń di phenol mú, gba phenol kúrò nínú ìdajì ohun yíyọ, ẹ ka ohun tó kù, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ti àkọ́kọ́. Nínú DPPH, àyẹ̀wò agbára antioxidant tó ń ti àwọ̀ elésè àlùkò bọ́ sí ìyeyè ní 517 nm, IC50 (ìwọ̀n ohun yíyọ tó ń dín àwọ̀ náà kù sí ìdajì) tó kéré ló dára. A máa ń rí ìwé tí wọ́n ti kọ ọ́ sódì.

Máńgòrò ńkọ́? Ọ̀pẹ̀ òyìnbó ńkọ́? (Oníbéèrè mẹ́ta béèrè èyí)

Èèpo máńgòrò dára gan-an, antioxidant tó ń jẹ́ mangiferin wà nínú rẹ̀. Kí ẹ kọ́kọ́ dà á sínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú méjì kí ẹ tó sá a, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á di búráùn lójú yín. Bákan náà ni èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mọ̀lẹ́bí kájú ni máńgòrò, nítorí náà ara ẹlòmíràn máa ń sú bí èèpo rẹ̀ bá kàn án. Ẹ sá fún èso tí wọ́n fi carbide pọ́n, tí NAFDAC ń kìlọ̀ lé lórí, nítorí arsenic lè wà nínú rẹ̀, èèpo ló sì kọ́kọ́ ń fara kàn. Ti ọ̀pẹ̀ òyìnbó, bromelain inú rẹ̀, èròjà tó ń fọ́ protein, ló lówó lórí ju antioxidant lọ.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà. Ṣé mo lè lo èèpo ọsàn ilé ìtajà níbí? (Ìyá Ìbejì, Peckham)

Ẹ ka ìwé ara àwọ̀n ọsàn náà, mà. Bí ẹ bá rí imazalil tàbí thiabendazole, oògùn tó ń pa olú ni wọ́n fi sí ara èèpo kí ó má baà bu nínú ọkọ̀ ojú omi, pẹ̀lú epo tó ń dán. Fífọ̀ á dín in kù, kò ní mú un tán, ọtí tí ẹ fi ń yọ èròjà á sì kó èyí tó kù pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ unwaxed tàbí organic sí.

Bàbá mi ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣé wọ́n lè máa mu ohun tí mo yọ? Ṣé mo sì lè tà á? (Ìkòròdú)

Ti títà, nọ́ńbà NAFDAC ni ẹ gbọ́dọ̀ gbà ṣáájú, ẹ kò sì gbọdọ̀ kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó ń wo àrùn kankan.

Ti bàbá, ó kù sí èso tí ẹ lò. Bí ó bá jẹ́ gréépù (grapefruit, kì í ṣe èso àjàrà), tàbí ọsàn kíkan tí òyìnbó ń fi èèpo rẹ̀ ṣe mámáléèdì, ẹ má fún wọn. Láti ọdún 1989 ni àwọn oníwádìí ní Kánádà ti kéde pé omi gréépù ń mú kí felodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ó ń dí ohun tó wà nínú ìfun tó yẹ kó fọ́ oògùn náà. Nifedipine àti oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ bíi simvastatin náà wà lára àwọn oògùn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Ẹ má rò pé kí wọ́n mu ún láàárọ̀ kí wọ́n lo oògùn lálẹ́ á yanjú rẹ̀, nítorí ó lè lé ní wákàtí 24 kí ìfun tó padà sípò. Ọsàn dídùn kò ní ìṣòro yìí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ohun tí ẹ yọ lágbára ju ọsàn tí èèyàn ń mu lọ. Ẹ mú páálí oògùn bàbá lọ bá apòògùn, ẹ sọ orúkọ èso náà àti bí ẹ ṣe yọ ọ́, kí wọ́n tó fẹnu kàn án.